Ṣé Èrò Rere Tó Láti Wẹ Ọwọ́ Wa Mọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn ìjọ wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlera ni mo sábà máa ń kọ síbí: ìfúnpá gíga, ìtọ̀ ṣúgà, àti bí a ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn àgbàlagbà wa. Ti ẹ̀ẹ̀kan yìí yàtọ̀. Ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀, kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan nínú ìjọ wa tẹ̀ lé mi dé ibùdókọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fi ohùn kékeré sọ fún mi pé ọmọ òun ọkùnrin, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, ti jẹ́wọ́ fún òun pé ọkàn òun kì í fà sí obìnrin, ọkùnrin bíi ti òun ni ọkàn òun ń fà sí. Ó ní láti alẹ́ ọjọ́ náà òun kò tíì sùn àsùndọ́kàn. Ó wá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú ilé ìwòsàn, tí ẹ tún ń ka ẹ̀kọ́ fún wa nínú ilé Ọlọ́run, ṣé ẹ mọ ibì kan tí a lè mú un lọ, tí wọn óò bá wa yí i padà?"

Bọ́ọ̀sì mi dé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe ohunkóhun títí tí n óò fi padà bá a sọ̀rọ̀. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síbí, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó wà nínú irú rẹ̀. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.

Ìdí tí n kò fi lè dáhùn ní ibùdókọ̀ ni pé mo mọ irú ibi tí ó ń bèèrè. Mo ti débẹ̀ rí. Kì í ṣe èmi ni wọ́n mú lọ síbẹ̀ o. Èmi wà lára àwọn tó mú ẹlòmíràn lọ.

Ní 2009, àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò ìyá mi, jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ohùn tẹ́nọ̀ rẹ̀ ni a fi ń yangàn nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìyá rẹ̀ rí lẹ́tà kan nínú àpò aṣọ rẹ̀ tí ó kọ sí ọ̀dọ́kùnrin kan. Ẹkún ni àǹtí mi fi pè mí lórí fóònù, bí ẹni pé wọ́n túfọ̀ ọmọ náà fún un. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan a ti kó ara wa jọ: ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èmi, àti ẹgbẹ́ aládùúrà kan tí kì í ṣe ti ìjọ wa yìí. Wọ́n ní ẹ̀mí kan ló wọ inú ọmọ náà, pé ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ìṣọ́ òru ni yóò lé e jáde. Wọ́n wá bi mí, nítorí pé mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, bóyá ara rẹ̀ lè gbà á. Mo ní ó lè gbà á, pé èmi óò máa ṣọ́ ọ.

Mo mú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá dání láti ilé. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, orin ni a kọ mọ́jú. Ní alẹ́ kejì, ọkùnrin mẹ́ta ń di apá àti èjìká rẹ̀ mú nígbà àdúrà, nítorí ó fẹ́ dìde kúrò láàrin wa. Wọ́n ń pariwo sí i létí pé kí ẹ̀mí náà jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ètè rẹ̀ ti là, ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí awọ, ìtọ̀ rẹ̀ sì ti dúdú. Mo wọn ìfúnpá rẹ̀, ó jẹ́ 84 lórí 50. Gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá ń ka ìwé yìí mọ ohun tí iye yẹn túmọ̀ sí nínú ara ẹni tí kò mu omi láti ọjọ́ mẹ́ta. Ká ní wọ́ọ̀dù ni mo wà, ǹ bá ti sáré pe dókítà. Àbúrò mi gbójú sókè. Kò wo ìyá rẹ̀, kò wo àwọn aládùúrà. Èmi ni ó wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, omi." Mo dá a lóhùn pé, "Ó kù díẹ̀."

Nígbà tí ó di ọ̀sán, ó dákú. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára. Dókítà bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, èmi ni mo sì yára dáhùn pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń gbààwẹ̀. Irọ́ ni. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ó sì gbọ́ mi. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò padà wá sílé. Ó tó ọdún 7 kí n tó tún fojú kàn án.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà ní ọjọ́ náà. Nínú gbogbo àwa tó wà ní yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí àìmu omi ń ṣe fún kíndìnrín àti fún ọkàn. Àwọn yòókù lè sọ pé àwọn kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí yóò mú kí ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ ṣòro. Kò sí ẹni tó kórìíra ọmọ náà nínú yàrá yẹn. Ìyá rẹ̀ ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ náà pẹ̀lú rẹ̀, ètè tirẹ̀ náà là. Àwọn aládùúrà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Àwọn míì nínú wọn ti iṣẹ́ alẹ́ wá, wọn kò sùn rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè lọ́jọ́ náà, a óò sọ pé ìfẹ́ ni, a kò sì ní purọ́. Ìbéèrè mi nìyí, ẹ̀yin ará: bí ènìyàn bá pa ẹlòmíràn lára pẹ̀lú èrò rere, ṣé èrò rere náà tó láti wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́?

Ọdún mẹ́fà ni mo fi sá fún ìbéèrè yìí. Ní 2015 ló wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ni mo wà nígbà náà. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí iyè rẹ̀ ti ń rá. Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí abẹ́rẹ́ nínú àwo lọ́wọ́ mi, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, yóò máa bẹ̀ mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ara mi ti yá. Mo ti yí padà." A rò pé àìsàn arúgbó ló ń sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wá là wá lóye. Ó ní ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n fi bàbá náà sí ilé ìwòsàn ọpọlọ nítorí pé ó fẹ́ràn ọkùnrin, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi tọ́jú rẹ̀. Bàbá yìí ti gbàgbé orúkọ ìyá tó bí i lọ́mọ. Kò gbàgbé abẹ́rẹ́ náà. Ó ti di olóògbé báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, nítorí n kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́. Títí di 1967, òfin England àti Wales ka ìbálòpọ̀ láàrin ọkùnrin méjì sí ọ̀ràn, kódà bí ó bá jẹ́ nínú yàrá àwọn fúnra wọn. Adájọ́ lè rán ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n, ó sì lè ní kí ó lọ gba ìtọ́jú. Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò tó bá ìjọba Bìrìtìkó tú àṣírí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn ọmọ ogun Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni wọ́n dá lẹ́bi ní 1952. Kí ó má baà lọ sẹ́wọ̀n, ó gbà kí wọ́n máa fún òun ní oògùn tí wọ́n fi èròjà inú ara obìnrin ṣe. Ó kú ní 1954. Ní 2013 ni Ọbabìnrin Elizabeth tó dárí jì í, nígbà tí ó ti pẹ́ nínú ibojì.

Ní àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ, láti àwọn ọdún 1950 wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, oògùn kan tó ń jẹ́ apomorphine wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Ó máa ń mú kí ènìyàn bì. Wọn óò gún ọkùnrin náà, wọn óò sì máa fi àwòrán àwọn ọkùnrin hàn án bí ó ti ń bì, kí ọkàn rẹ̀ lè so àwòrán náà pọ̀ mọ́ ìríra. Àwọn mìíràn, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń gbé wọn. Ní 1962, ológun Bìrìtìkó kan, Captain Billy Clegg-Hill, kú sínú irú ìtọ́jú yìí.

Ta ni ń gún abẹ́rẹ́ náà? Nọ́ọ̀sì ni. Ta ni ń jókòó ti ẹni tó ń bì? Nọ́ọ̀sì ni. Ní 2015 yẹn gan-an, Tommy Dickinson, tí òun náà kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní Curing Queers. Ó wá àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ àti àwọn tí wọ́n tọ́jú rí, ó sì gbọ́ tẹnu wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì kan gbàgbọ́ pé àánú ni àwọn ń ṣe fún ẹni náà. Àwọn kan kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ti pàṣẹ. Àwọn díẹ̀ wá ọgbọ́n tí wọn kò fi ní lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí mo ka ìwé náà, mo wá ara mi láàrin ẹgbẹ́ kẹta yìí, n kò rí ara mi níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ni mo wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ìbéèrè wa yẹ̀wò bí a ṣe ń gbé ọ̀ràn yẹ̀wò lẹ́nu iṣẹ́ mi. Kí nọ́ọ̀sì tó fún aláìsàn ní oògùn, ohun márùn-ún ni wọ́n kọ́ wa láti wò: aláìsàn tó tọ́, oògùn tó tọ́, ìwọ̀n tó tọ́, ọ̀nà tó tọ́, àti àkókò tó tọ́. Mo ti ka márààrún yìí láìmọye ìgbà. Èrò rere nọ́ọ̀sì kò sí nínú wọn. Bí mo bá gún ẹnì kan ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ara rẹ̀ kò ní bi mí léèrè bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀ kí oògùn náà tó ṣe é níbi. Ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá ìtọ́jú dára ni ohun tí ó ṣe fún ẹni tí a tọ́jú.

Ṣùgbọ́n èyí kò wá sọ pé èrò rere kò wúlò. Ìwúlò rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ire fún aláìsàn ní tòótọ́, bí ó bá rí i pé òun ti fún un ní oògùn tí kò yẹ, kò ní fi kún un. Yóò dáwọ́ dúró, yóò ké sí dókítà, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì sọ fún aláìsàn náà. Láti 2014, òfin England ti pa á láṣẹ pé bí ìtọ́jú bá ṣe aláìsàn ní jàǹbá, kí ilé ìwòsàn sọ òtítọ́ fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ẹni tó ní èrò rere tí kò sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ọwọ́ òun ṣe, ara rẹ̀ ni ó fẹ́ràn.

Ẹnì kan yóò sọ pé, "Bí ó bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Oògùn míì korò, a sì ń mu ún." Ìbéèrè tó tọ́ ni. Àwọn tó ti dán an wò ti dáhùn rẹ̀. Ní 1973, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbà pé kí ọkùnrin fẹ́ràn ọkùnrin, tàbí kí obìnrin fẹ́ràn obìnrin, kì í ṣe àìsàn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn. Ní 17 May 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Dókítà Robert Spitzer, onímọ̀ ńlá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2003 pé àwọn kan lè yí padà. Ní 2012, nígbà tí ó ti ń súnmọ́ ẹni 80 ọdún, ó sọ fún gbogbo ayé pé ìwádìí náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì bẹ àwọn tó ti tìtorí rẹ̀ jìyà.

Láàrin àwa onígbàgbọ́ ńkọ́? Ẹgbẹ́ Exodus International, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1976, ni ó lókìkí jù nínú àwọn tó ń fi àdúrà àti ìmọ̀ràn ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú ìyínipadà. Ní 2012, olórí wọn, Alan Chambers, jẹ́wọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tí òun ti bá pàdé nínú iṣẹ́ náà ni kò yí padà. Ní 2013, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà. Ní 2015, NHS England pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ìlera ọpọlọ fọwọ́ sí ìwé lòdì sí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ní July 2017, Sínóòdù Ìjọ England dìbò lòdì sí i ní York. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Toronto, ẹ sọ fún wọn pé láti January 2022 ni òfin Kánádà ti kà á sí ọ̀ràn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń ṣí Bíbélì báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa ìwé yìí dé. N kò ní agbára láti yanjú ohun tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàápàá kò tíì fẹnu kò lé lórí. Ní tèmi, mo ti dé ibi tí mo gbà pé Ọlọ́run kò ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ tó dá àbúrò mi; àwọn kan nínú yín kò gbà bẹ́ẹ̀, a sì ń jọ jẹ oúnjẹ Olúwa. Ìbéèrè mi kéré ju èyíinì lọ. Ohunkóhun tí o bá gbàgbọ́ nípa ohun tí í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣé a lè fi òùngbẹ pa ọmọ lára nítorí rẹ̀? Ṣé a lè dì í mọ́lẹ̀? Ṣé a lè kọ́ ọ láti kórìíra ara rẹ̀ títí tí kò fi ní fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun? Ẹni tó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni àti ẹni tó gbà pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lè fẹnu kò lórí èyí.

Ẹ rántí Élì àti Hánà. Àlùfáà ni Élì, àgbà ni, inú tẹ́ḿpìlì ni ó sì jókòó. Ó rí obìnrin tí ètè rẹ̀ ń mì, ó sì pinnu pé ó ti mutí yó. Àgbà Ọlọ́run ṣi ènìyàn mọ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hánà la ẹnu, tí ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Élì gbọ́. Kò sọ pé òun ti sọ tòun. Ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà níbẹ̀, ó sì súre fún un. Àwa tí a wà ní yàrá yẹn ní 2009 kò ṣe tó Élì, nítorí ọmọ náà sọ̀rọ̀, omi péré ni ó sì bèèrè.

Ní 2016 mo wá àdírẹ́sì rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí i. Mo kọ gbogbo ohun tí mo ṣe, mo kọ iye tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́, mo kọ irọ́ tí mo pa fún dókítà. N kò ní kí ó dárí jì mí. Mo kàn ní òtítọ́ ni mo fẹ́ kí ó ní lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́rin kọjá kí ó tó fèsì pé mo lè wá.

Mo kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí a ti tọ́ ọ, ó ní kí n jókòó. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì gbé omi tútù wá fún mi nínú ife. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: omi ni a kọ́kọ́ fi ń ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Kò ní ohun mìíràn lọ́kàn, bí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn. N kò lè gbé ife náà sẹ́nu. Mo bú sẹ́kún. Òun náà jókòó, kò sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ẹ mu omi, ẹ̀gbọ́n mi. Kí a wá sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lọ́jọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ fi fún ìyá tó bi mí ní ìbéèrè, àti fún ọ̀dọ́ yòówù tó bá ń ka ìwé yìí ní ìkọ̀kọ̀. Ó fún mi láyè láti sọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀.

Ó ní alẹ́ kan wà ní ọdún àkọ́kọ́ tí òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́. Ó tẹ ẹgbẹ́ Samaritans láago, ohùn àjèjì kan sì bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Obìnrin ará Gánà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà fún un ní àga gígùn inú pálọ̀ rẹ̀ sùn fún oṣù márùn-ún. Kò bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Bóyá ó ti jẹun ni ó máa ń bi í. Dókítà àdúgbò rẹ̀ mú un mọ olùgbani-nímọ̀ràn kan, ó sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ sókè lójijì nígbà náà, ara rẹ̀ yóò gbọ̀n. Bí ó bá gbọ́ àdúrà aláriwo, yóò bọ́ síta. Ọdún mẹ́ta ni kò fi lè kọ orin kankan, ọmọ tí a mọ̀ sí akọrin.

Ohun tó mú un padà sí orin ni ìsìn ìrọ̀lẹ́ ní ìjọ Anglican kékeré kan. Ó ní ẹ̀yìn pátápátá ni òun máa ń jókòó sí, ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé ọwọ́ lé òun lórí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó gbọ́ tẹ́nọ̀ kan nínú orin, ó wò yíká láti mọ ẹni tó ń kọ ọ́, ó sì rí i pé òun ni. Ó bá àwọn mìíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí pàdé. Ó gbọ́ nípa Jide Macaulay, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Lọ́ndọ̀nù ní 1965, tí ó dá ìjọ House of Rainbow sílẹ̀ ní Èkó ní 2006, tí wọ́n fi ìhàlẹ̀ lé kúrò níbẹ̀ ní 2008, tí ó sì di àlùfáà Anglican ní ìlú òyìnbó. Ó ní kí òun tó gbọ́ èyí, òun rò pé òun nìkan ni Yorùbá tó ń gbàdúrà, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún mi pẹ̀lú pé àwọn kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ òun kò padà sí ilé ìsìn kankan mọ́, ayé wọn sì tòrò. Kò dá wọn lẹ́bi, èmi náà kò dá wọn lẹ́bi.

Lónìí, ọkọ̀ ojú irin ni ó ń wà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dùùrù ní ọjọ́ Sátidé. Ó gbin ewédú àti ata sínú ìkòkò lẹ́yìn ilé, ewédú náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa nínú òtútù yìí, kò sì jáwọ́. Láti 2017 ni òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ti jọ ń gbé, ọmọlúàbí ọkùnrin kan tó mọ bí a ti í se ọbẹ̀ ju èmi lọ. Ní àràárọ̀, kí àbúrò mi tó ṣe ohunkóhun, yóò bu omi kún ife kan, yóò mu ún tán, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò gbàgbé. Kò sì jẹ́ kí ohun tí kò gbàgbé náà dí òun lọ́wọ́ ayé.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ó pẹ́. Ní 2019 ni ó tó pè é. Kò tíì gba ohun gbogbo tó yẹ kí ó gbà, bóyá kò sì ní gbà á. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti rò ó títí, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń pè wọ́n lórí fóònù. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ti jẹun?" Àbúrò mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ gbọ́ "ẹ̀yin méjèèjì" yẹn, òun ní láti gbé fóònù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nítorí náà, ìyá mi ní ibùdókọ̀, ìdáhùn mi nìyí. Kò sí ibi tí mo lè júwe fún yín. Ọmọ yín kò ṣàìsàn, ilé yín ni kí ó wà. Ẹ bu oúnjẹ fún un bí ẹ ti máa ń bù ú. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Bí kò bá fẹ́, ẹ má fipá mú un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní ààwẹ̀ tí kò bèèrè. Ẹ má sì dọ́gbọ́n mú un lọ sí ilé fún ọlidé kí wọ́n lè tún un ṣe níbẹ̀. Láti January 2014, òfin Nàìjíríà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó bá fẹ́ ara wọn. Ẹ fẹ́ kí ọmọ yín wà láyọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín gbé e lọ síbi tí ẹ̀rù yóò ti máa bà á. Bí ọkàn ẹ̀yin fúnra yín bá wúwo, ẹ wá bá mi. A óò jọ sunkún, a óò sì jọ gbàdúrà fún ẹ̀yin, kì í ṣe lòdì sí i.

Sí ọ̀dọ́ tó ń ka èyí: bí ó bá ṣú ọ, bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀, tàbí kí o pe Samaritans lórí 116 123. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru. Bí o kò bá tíì pé ọdún 19, Childline wà lórí 0800 1111. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ẹ́ ni o fẹ́ bá sọ̀rọ̀, o mọ ibi tí mo máa ń jókòó.

Ní tèmi, èrò rere mi kò wẹ ọwọ́ mi mọ́. Àforíjì tí àbúrò mi fún mi, tí n kò bèèrè, tí kò sì jẹ mí, ló jẹ́ kí n lè fi ọwọ́ náà ṣiṣẹ́. Kí Olúwa jẹ́ kí a máa gbọ́ nígbà tí ọmọ wa bá bèèrè omi. Kí ó sì jẹ́ kí omi wà nílé fún un. Àmín.